Bákónì Tí Mo Kùn Lọ́dà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀, ó sì yé mi. Kí n tó fi ilé yìí lé yín lọ́wọ́, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mo ṣe nínú ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti gbé irọ́ yìí pọ̀n. Ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ rántí bákónì tó wà níwájú yàrá igun lókè. Yàrá náà ṣófo fún oṣù márùn-ún, ni mo bá pe bíríkìlà kó wá tún un ṣe. Ó fi òòlù kan ilẹ̀ bákónì, ó tún kàn án, ó wá mirí. Ó ní, "Bàbá, irin inú ẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti jẹ tán. Ẹ jẹ́ ká wó o. Títí dìgbà yẹn, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa, kẹ́nikẹ́ni má dúró síbẹ̀." Mo ní kó fi símẹ́ǹtì dí ibi tó là, kó kùn ún lọ́dà. Ó ní, "Bàbá, ọ̀dà ò lè gbé èèyàn dúró o." Mo ní ṣé ilé ẹ̀ ni àbí ilé mi? Ló bá kùn ún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, aránṣọ kan wá wo yàrá náà pẹ̀lú ìyá ẹ̀. Ìyá yìí ṣí ilẹ̀kùn bákónì, ó fara ti irin ẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ibí ni tèmi. Ibí ni màá ti máa gba afẹ́fẹ́." Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yín sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ máa gbádùn ẹ̀, Màmá." Ẹnu tí mo fi ń jẹun yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Oṣù kẹrin tí wọ́n kó wọlé ni bákónì já. Ọ̀sán gangan ni, mo ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nísàlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró bíi ti ọkọ̀ tó ń da òkúta. Ìyá náà wà nínú àwókù, bàtà ẹyọ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá onílé, kí ló ṣẹlẹ̀?" Egungun ìbàdí ẹ̀ ti dá.

Ibi tó burú jù nìyí. Mo rí máṣíìnì ìránṣọ kan nínú àwókù náà. Ọmọ ẹ̀ ló gbé e síta láàárọ̀ kó lè fi epo sí i. Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn. Mo pariwo pé, "Ta ló gbé irú ẹrù wúwo yìí sórí bákónì mi?" Gbogbo èèyàn bá yíjú sí máṣíìnì. Nígbà tí bíríkìlà dé, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ìwọ lo kùn ún. Bí mo bá wọ gàù, a jọ wọ̀ ọ́ ni." Ó wolẹ̀, ó sì lọ. Kò kí mi mọ́ títí tó fi kú.

Lọ́jọ́ kẹta, aránṣọ wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ba ilé yín jẹ́. Èmi ni mo ṣe ìyá mi léṣe." Mo jókòó, mo ń wò ó. Mo ní, "Ó ti tán, mo forí jì ẹ́. Ṣáà wá ilé míì." Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o! Ìyá ẹ̀ ò rìn mọ́, kò sì pé ọdún tó fi kú. Wọ́n ní aránṣọ ta gbogbo máṣíìnì ẹ̀, kò ránṣọ mọ́. Aṣọ ló ń fọ̀ ní ilé ìwòsàn báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ máa gba ayálégbé nínú yín, kó gbọ́. Bí oníṣẹ́ bá ní ibì kan ti bàjẹ́, ẹ ti ibẹ̀ pa lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ ò tiẹ̀ tíì mọ bí ẹ ṣe máa tún un ṣe. Ibi tí ẹ ò bá lè jẹ́ kí ìyá yín jókòó sí, ẹ má fi gba ìyá ẹlòmíì.

Mi ò ní kẹ́ ẹ forí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ẹ lọ wá aránṣọ yẹn. Ẹ má tètè bẹ̀ ẹ́ fún mi. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé bákónì yẹn ti bàjẹ́ kó tó kó wọlé, pé òun kọ́ ló ṣe ìyá ẹ̀ léṣe. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó yé e. Bó bá wá fẹ́ ṣépè fún mi, ẹ dúró, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ tán.