Ẹgbẹ́ Dẹ́fù Inú Géèmù Láwàl

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú, ó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Jésùlayọ̀mi tí ẹ mọ̀ sí Sístà Layọ̀, olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ wọn ní Mowe, irọ́ ni ẹ̀rí tó ń jẹ́ láti kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, kí n má bo ohunkóhun. N kò sì ní bò ó. Inú rẹ̀ ń bí mi, àánú rẹ̀ náà sì ń ṣe mí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Láwàl, ọmọ Ìyá Láwàl tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe. Inú ẹrù tòkunbọ̀ ló ti rí géèmù àtijọ́ kan, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti eérú lọ. Béésìbọ́ọ̀lù ló wà nínú rẹ̀. Ta ló mọ béésìbọ́ọ̀lù ní Mowe? Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi igi gbá a, wọ́n á sáré yípo, ohun tí àwọn ọmọ ọgbà mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ méjì péré ló wà níbẹ̀. DEVILS ni wọ́n kọ fún ọ̀kan, àwọn ọmọ sì ń pè é ní Dẹ́fù. Ẹgbẹ́ Dẹ́fù yìí ni Layọ̀ fẹ́ràn, torí àwọn ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri. Láwàl á yá a ní géèmù, á fi bisikíìtì sí i, á ní kó má ṣáà jẹ́ kí omi kàn án.

Omi kàn án. Inú bàkéètì aṣọ ló bọ́ sí, ojú rẹ̀ sì kú pátápátá. Dípò kí ọmọ náà lọ kúnlẹ̀ fún Láwàl, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sá lọ. Ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ohun tó máa dẹ́rù bà á. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sómi ni, pé ẹgbẹ́ èṣù ló wà nínú rẹ̀, pé wọ́n kọ orúkọ èṣù síbẹ̀ gbangba. Bàbá rẹ̀ tó jókòó tì wọ́n wọ jẹ́sì Mansẹ́sítà tí èṣù pupa wà láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ìyẹn.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, à bá máa fi rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá pásítọ̀ bi í pé ta ló fún un, ó ní Láwàl ni. Wọ́n bi í bóyá Láwàl fún un ní nǹkan jẹ, ó rántí bisikíìtì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi í bóyá ó lálàá lẹ́yìn tó jẹ ẹ́. Ó lálàá, ta ni kì í lálàá? Bó ṣe ń dáhùn ni wọ́n ń ké halelúyà, ló bá rí i pé kò sí ibi tí òun lè gbà padà mọ́. Nígbà tó di Sọ́ńdè, wọ́n gbé e gun àga, wọ́n fi máìkì sí i lẹ́nu.

Ibi tó burú jù ló kù yìí. Àwọn ọkùnrin ìjọ mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, lánlọ́ọ̀dù tẹ̀ lé wọn. Láwàl kò bínú, ó rò pé wọ́n ṣì í gbọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ náà.

"Layọ̀, sọ òótọ́ fún wọn. Kí ló ṣe géèmù yẹn?"

Ó wò ó lójú kòrókòró. "Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́ èṣù. Ó ní kí n mú àwọn ọmọ yòókù wá."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Òun ló fi kún un fúnra rẹ̀, kí wọ́n má bàa bi í léèrè mọ́. Wọ́n da ẹrù Láwàl síta, wọ́n lù ú. Ìyá Láwàl náà gba ọmọ náà gbọ́, ó ní irú ọmọ kékeré yìí kò lè dá irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rò. Ó ní kí Láwàl má wọ ilé òun mọ́ títí yóò fi kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Láwàl kó lọ sí Ifọ̀. Kúrò nínú ẹgbẹ́ wo? Kò padà wá, kódà lọ́dún Iléyá.

Ẹ̀rí yẹn wá di iṣẹ́ Layọ̀. Wọ́n ń pè é sí Ibafo, wọ́n ń pè é sí Akute, kó wá sọ bí Olúwa ṣe yọ òun nínú ẹgbẹ́ Dẹ́fù. Nígbà tó ní òun ò jẹ́ ẹ mọ́, pásítọ̀ ní èṣù ló fẹ́ dí i lẹ́nu, wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí títí ó fi tún jẹ́ ẹ. Tó bá wá délé, Ìyá Láwàl á tún máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí ọmọ òun ṣe. Ọdọọdún ló ń gbé ẹran Iléyá fún un. Ó ń jẹ ẹran náà, ẹ gbọ́ mi yé, ó ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àìsàn dá Ìyá Láwàl dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Layọ̀, ó ní kó bá òun dárí ji Láwàl, kí òun lè rójú kú.  Layọ̀ kúnlẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, látorí bàkéètì aṣọ dé orí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Ìyá àgbà kò pariwo, kò ṣépè. Ó na fóònù sí i, ó ní kó bá òun pe Láwàl.

Bí Láwàl ṣe gbé e, ohùn ọmọbìnrin ló gbọ́ lórí fóònù ìyá rẹ̀. "Ṣé wọ́n ti kú ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wà. Èmi Layọ̀ ni. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín, mo sì ti sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

 Ìyá Láwàl gba fóònù.

"Láwàl, èmi ni mo lé ẹ. Foríjì mí, ọmọ mi."

 Láwàl bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n ti jẹun. Ìyá ní òun ò tíì jẹun. Láwàl ní òun ń bọ̀. Kò bèèrè Layọ̀, Layọ̀ náà kò sì lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti dárí ji òun. Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ̀bẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó ní kó dìde.