Èmi Kọ́ Ni Mo Pa Ọba

Ẹ má ní kí n ṣe sùúrù, ìyá Tamsin, ẹ má sọ ọ́ rárá! Ẹ gbé ọtí yẹn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, kẹ́ ẹ gbọ́ mi, torí bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, inú mi á bẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko tí mo ti ń gbé nínú ilé yín yìí náà ni mo ti ń ṣe Lọ́ọ̀dù Harcastle lórí ìtàgé, ọ̀dàlẹ̀ tó gún ọba rẹ̀ lọ́bẹ nídìí oúnjẹ, tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń sọ ápù jíjẹrà lù mí. Ṣé mo ráhùn? Iṣẹ́ ni. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Àmọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré wa ṣèlérí fún mi o! Ó ní, "Ambrose, ọjọ́ tí Bartholomew bá ṣíwọ́ ọba ṣíṣe, ìwọ lo máa dé adé." Ẹ sì mọ bá a ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu tìẹ nìkan ni wọ́n ń kọ fún ọ, wọn kì í jẹ́ kó o rí ti ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà jí eré wa tà. Etí lásán ni mo fi kó ọ̀rọ̀ ọba! Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo ń dúró sí lọ́sàn-án lọ́sàn-án, tí mò ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi mọ̀ ọ́n tán.

Bartholomew kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ta ni wọ́n gbé adé fún? Crispin! Crispin tó ń lu ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ igbe obìnrin náà! Òun ni wọ́n ń ra ọtí fún, tí wọ́n ń kí ní kábíyèsí. Ọ̀gá ní bí èmi bá fi adé jáde, ńṣe làwọn èrò á máa hó lé mi lórí, pé ojú mi ti di ojú Harcastle. Ojú tí ìyá mi bí mọ́ mi!

Ta ló tiẹ̀ sọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni Harcastle gan-an? Nílé wa ní Yorkshire, níbi tó gbé ayé, àwọn àgbà ní òun ló ṣí àká rẹ̀ sílẹ̀ fún aráàlú lọ́dún ìyàn, pé ọba yẹn gan-an ni ọ̀mùtí. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó kọ eré wa, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìran ọba yẹn ló ṣì wà lórí oyè, ṣé kí òun kọ ọ́ kí wọ́n gé òun létí ni? Harcastle ò ní ọmọ tó máa gbèjà rẹ̀. Èmi náà ò ní.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, èmi nìkan ni mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo na àkàrà oyin sí ọmọ Tamsin, ọmọ-ọmọ yín, ó figbe ta, ó sá sábẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Ó dùn mí o! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò pa nǹkan kan rí. Adìyẹ gan-an, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi pa á?

Ó dáa, ẹ jókòó. Mo ní kẹ́ ẹ jókòó! Ẹ̀yin nìkan ni mo máa ṣe ọba fún, ẹ̀ẹ̀kan péré, tí mo bá parí, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi... Kí lẹ ń wá lọ sídìí ilẹ̀kùn? Kí lẹ fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ yẹn?

Háà! Háháháà! Ìyá Tamsin, ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù mi! Ẹ dá ọ̀bẹ yẹn padà, ẹ jọ̀ọ́. Búrẹ́dì ni mo fẹ́ fi gé.