Ilẹ̀kùn Tí Màmá Ń Kàn Ní Kafé

A ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò nígbà tí obìnrin kan bi ìyá àgbàlagbà tó wà níwájú mi pé:

"Màmá, tẹ́ ẹ bá dé kafé kọ̀ǹpútà, ta ló ń bá yín ṣí fọ́tò tọ́mọ yín fi ránṣẹ́ láti Sípéènì?"

"Èmi fúnra mi ni o! Ṣé ìwé ni wọ́n ní kí n kà níbẹ̀ ni? Àwòrán kéékèèké ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Màá wá èyí tó jọ ọ́, màá tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì, kọ́ kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Kíá ló máa yọ sí mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín."

"Ó mà dáa o! Àfi bíi pé ó wà nílé."

Ìyá náà kọjú sómi.

"Gbogbo ìgbà ni mò ń ní, 'Àgò o!' Kò tíì dá mi lóhùn rí pé, 'Àgò yà.'"