Ẹsẹ̀ Tó Rà

Ẹ bá mi pariwo Halelúyà! Kò dún tó! Ẹni tó yẹ kí ẹ ti sin ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ògo ni fún Jésù!

Ẹ̀yin ará, ìṣó ló gún mi lẹ́sẹ̀ ní Ọjà'ba. Mo ní kí ni ìṣó lásán fẹ́ ṣe. Èmi onítọ̀ ṣúgà! Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ ti dúdú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kì í wọ yàrá mi mọ́. Ha, mo sunkún!

Wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Dókítà tú báńdéèjì, ó ní, "Màmá, ẹsẹ̀ yìí ti rà."

Ibà ti mú mi débi pé mo pariwo, "Halelúyà! Jésù ti rà á!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, jíjẹrà ni mò ń wí. Tí a ò bá gé e, yóò pa yín."

Mo kọ̀. Iṣẹ́ ìyanu ni mò ń retí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá kí mi, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn bo imú. Wọ́n ní, "Ìyàwó, jẹ́ ká sọ òótọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Jésù kú fún. Àwọn tí Ó yàn nìkan ni, ara àwọn yẹn kì í sì í jẹrà láàyè."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Mo kọjú sí ògiri. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n kú. Bí Jésù ò bá kú fún mi, kí ni dókítà fẹ́ gbà là?

Àlùfáà wa dé. Wọ́n fa àga sún mọ́ ẹsẹ̀ náà gan-an, wọn ò bo imú. Wọ́n ní, "Màmá, tíṣà Yorùbá ni yín. Rà ti jíjẹrà àti rà ti ìràpadà, ṣé àmì ohùn wọn yàtọ̀?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ọ̀kan náà ni."

Wọ́n ní, "Gbogbo ayé ló ti rà, Màmá. Ohun tó rà náà ni Jésù sì rà. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e."

Wọ́n gé e. Mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run: òmíràn ò hù. Ó máa ń yún mi níbi tí kò sí. Mo ti gbàgbé rí, mo sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, mo ṣubú yakata. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè! O ṣé, Jésù. O ṣé o! Inú ṣì ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Jésù kú fún àwọn náà.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ kò sí lára àwọn tí Jésù kú fún, ẹ dìde, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè dìde, ẹ jókòó yín. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.