Iṣẹ́ Tí Ọ̀gá Rán Mi sí Fọlákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ohun tí Fọlákẹ́ bá mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Èrúwà, èmi àti Fọlákẹ́ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní Kọ́rẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ń yàwòrán. Èyí tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé ló wà lórí èkejì. Kálukú ní láti mú ọ̀kan, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù nínú ti àwòrán.

Fọlákẹ́ mọ àwòrán yà. Tèmi kì í tọ́.

Lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ yàn, ó lọ bá ìyá rẹ̀ wa ẹ̀gẹ́ n'Ígangan. Ọ̀gá rán mi sí i pé kó mú ti àwòrán, pé ọwọ́ rẹ̀ ló dára jù fún un.

Mo gun ọ̀kadà lọ. Mo bá a lóko, ó bi mí pé kí ni ọ̀gá wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu èmi náà ló sọ ọ́.

"Wọ́n ní ti ìwé ni kó o mú. Wọ́n ní ti àwòrán á le jù fún ẹ."

Kò jiyàn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún erùpẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì di iṣu mẹ́ta fún mi. Mo sọ fún ọ̀gá pé Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní ti ìwé lòun fẹ́. Mo wá fi orúkọ ara mi sí àyè náà.

Nígbà tí a kọ́ṣẹ́ tán, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Igbó-Ọrà. Fọlákẹ́ ń tẹ ìwé l'Érúwà. Bí oníbàárà rẹ̀ bá fẹ́ àwòrán, á fi pẹ́ńsù yà á, á gbé e wá. Èmi á fi kọ̀ǹpútà tẹ̀lé ìlà tó fà, èmi ni wọ́n á sì yìn. Nígbà kan, mo bi í bóyá kò fẹ́ kọ́ Kọ́rẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀gá ti sọ pé òun ò lè ṣe é. Ọ̀gá ti kú nígbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí.

"Ìwọ lo jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá fún mi. Wá bá ọmọ mi yan èyí tó máa mú."

Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti pinnu, màá sọ òótọ́. N kò ní sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí, torí mo mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ibì kan ṣoṣo ni mo ti ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín: ṣé kí n sọ ọ́ fún Fọlákẹ́ nìkan ni, àbí kí n jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, kó gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ gan-an nípa ọwọ́ ìyá rẹ̀?