Má Wọlé, Máa Wọlé

Má mi orí, jókòó jẹ́ẹ́, kílípà kò mọ ẹni tó ń fi rédíò darí awakọ̀, orí ni gbogbo orí lójú rẹ̀. Kí lo ní kí n má sọ? Ọ̀rọ̀ wo ló kù tí àdúgbò kò tíì sọ tán lórí àga tó o jókòó lé yìí? Láti ọjọ́ ìdíje mọ́tò yẹn, kò sẹ́ni tí mo gé irun rẹ̀ tí kò dá sí i. Káfíńtà ní Kánkán awakọ̀ ló fi orí kunkun ba ti ẹgbẹ́ wa jẹ́. Télọ̀ ní irọ́ ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi ìpààrọ̀ táyà lẹ bà á jẹ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì mi na ara wọn. Èmi ń wò wọ́n, mo ń gé irun lọ, bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ, bí ẹni pé kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ọwọ́ mi yìí kọ́kọ́ gé irun fún nígbà tí kò tíì lè dá dúró.

Inú kò bí mi o. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo dúró de ìbínú náà títí, kò wá. Àyà mi dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́, tó o bá fi abẹ́rẹ́ gún un, kò ní mọ̀.

Gbé àgbọ̀n sókè.

Àbí a kò jọ wà níbẹ̀ ni? Ìwọ wà lẹ́yìn ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà eré, rédíò wà lẹ́nu rẹ. Èmi wà lókè láàárín àwọn òǹwòran, rédíò kékeré mi wà létí mi, èyí tá a fi ń gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń bá awakọ̀ yín sọ. Kánkán wà níwájú. Níwájú! Òjò ṣú, ó ń kán tó, tó, tó, gbogbo àwọn tó kù sáré wọlé síbi ìpààrọ̀ táyà, wọ́n lọ pààrọ̀ sí táyà òjò. Ẹ̀yin ní ẹ kò ní pààrọ̀, ẹ ní òjò náà á kọjá, ẹni tó bá dúró síta ló máa jẹ ẹ́. Òótọ́ sì ni. Òjò náà kọjá. Ọgbọ́n yín pé, àbúrò. Ẹnu rẹ ni kò pé.

Kí lo sọ fún un? Má dáhùn, kílípà wà lẹ́bàá etí rẹ. O ní "má wọlé" lo sọ. Mo gbà pé òun ló wà lọ́kàn rẹ. Ṣé ọkàn ni rédíò ń gbé ni? Ohun tó bá ti ẹnu jáde ló ń gbé. O fà á. O fà á bó o ṣe máa ń fa gbogbo nǹkan, bí ẹni tó ń fa okùn kànga. "Máa wọlé." Èmi gbọ́ ọ. Télọ̀ tó jókòó tì mí gbọ́ ọ, ó kọjú sí mi, ó ní, "Kí ló dé tí wọ́n ń pè é wọlé? Ṣé orí wọn pé?"

Ọmọ náà wọlé. Kí ni ì bá ṣe? Ẹni tó ń sá bí ọta ìbọn, ṣé yóò dúró bi yín pé ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn gùn ni àbí ó kúrú? Ó wọlé bá àwọn makáníìkì tí wọ́n ká apá sáyà. Kò sí táyà nílẹ̀. Ariwo ta. Eléyìí ń sáré síbí, tọ̀hún ń sáré sọ́hùn-ún, wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó de nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn tán. Mọ́tò kò tíì rìn dé ibì kan tí táyà fi yọ, ó ń yí lọ, ó gbá ojúgun Onítáyà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pààrọ̀ táyà, gbàù! Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti òkè tí mo wà. Ọsibítù ló wà dòní, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè bí aṣọ tí wọ́n sá.

Gbogbo ìyẹn, àṣìṣe ni. Mo ní àṣìṣe ni! Ẹṣin tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, ká má tíì wá sọ ẹnu tó jẹ́ ẹyọ kan. Ta ló máa bá ọ jà lórí ìyẹn? Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá tó ni mọ́tò bi ọ́ lójú gbogbo èèyàn, kí lo wí? O ní, "Mo ní kó má wọlé, kò gbọ́ràn." Ọjọ́ yẹn, o kò fà á. Ọjọ́ yẹn, "má" rẹ kúrú bí ìrù ehoro.

Kò gbọ́ràn. Wọ́n gba akoto lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀la ni Ọ̀gá máa gbé mọ́tò náà fún ẹlòmíràn. Ṣé o mọ ibi tí Kánkán lọ lánàá? Ó lọ bá dókítà, ó ní kó yẹ etí òun wò. Dókítà ní etí rẹ̀ mọ́ gaara. Ó tún wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò wọlé, ó ní, "Bùrọ̀dá, bóyá èmi ni mo gbọ́ ọ lódì lóòótọ́." Bóyá! Ọmọ tí kì í ṣe iyèméjì ní kọ́nà, ìwọ lo kọ́ ọ ní bóyá. Mọ́tò ṣeé gbà padà. Kí lèèyàn fi ń gba etí ara rẹ̀ padà?

Mo ní má mi orí. Ṣé irun ló ń yún ọ ni àbí ojú ló ń tì ọ́?

Má sì sọ fún mi pé o kò mọ̀ pé ẹnu rẹ ń fà. O mọ̀! Irùngbọ̀n rẹ ńkọ́? Lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ, ta ló jókòó síbí, tó dijú, tó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ máa fá irùngbọ̀n"? Mo fá a kanlẹ̀. O lajú, o rí jígí, o kígbe, "Mo ní ẹ má fá a!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, o ní ẹ̀bi ẹnu rẹ ni, o ní láti kékeré ni ìyá rẹ ti ń sọ fún ọ. O gbà á nígbà tó jẹ́ irùngbọ̀n, nítorí irùngbọ̀n á hù. Nígbà tó wá di iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, o gbé ẹ̀bi ẹnu rẹ, o fi há etí rẹ̀.

N kò pè é ní irọ́. Irọ́ odindi, èèyàn lè dì í mú kó sì jù ú nù. Òótọ́ tó o gé ní ààbọ̀ ni. Òun ló burú jù, torí pé gbogbo èèyàn ń rí ààbọ̀ tó mọ́, kò sẹ́ni tó ń yí i wo.

Ó dáa. Mo ti ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti pa kílípà. Wo jígí.

Kí lo ń wò bẹ́ẹ̀? Apá ọ̀tún ti mọ́, apá òsì wà bó o ṣe gbé e wá. Bó o bá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Dìde, gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá lọ nísinsìnyí, òpópónà kejì ni, kó o sọ fún un pé ẹnu rẹ ló gùn, etí ọmọ kò di. Kó o sọ ọ́ lójú àwọn tó o sọ tàkọ́kọ́ lójú wọn. Tó o bá ti sọ ọ́ tán, máa bọ̀, màá parí èyí tó kù.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè. Ẹ máa… ẹ máa kí ni? "Bùrọ̀dá, ẹ máa fi mí sílẹ̀ báyìí"?

Yéè! Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Háà, inú ń dùn mí, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, n kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣì lè dùn mí níbẹ̀! Mo ti gbọ́, àbúrò. Mo gbọ́ ọ kedere. Màá fi ọ́ sílẹ̀ báyìí.