Obìnrin Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Wẹ́búsáìtì Mi

Ẹ bá mi gbé ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí kì í fi ìwà wa wọn oore fún wa. Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, orúkọ mi ni Fólúkẹ́. Ní ọdún tó kọjá, ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo ti sọ fún yín pé Ọlọ́run fún mi ní ọgbọ́n, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ́ wẹ́búsáìtì fún òwò gàrí mi. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ dákun, ẹ̀rí ọjọ́ náà kò pé. Èyí tí ó kù ni mo wá sọ lónìí, kò sì rọrùn fún mi.

Èmi kò yan gàrí rí láyé mi kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni màmá mi ṣe títí wọ́n fi kú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Ìyá Ráfíù ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ni ó ń yan gàrí tí mo ń tà. Mùsùlùmí ni wọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n gbé àpò gàrí méjì fún mi, wọ́n ní, “Ìyàwó, máa tà á ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí Ọlọ́run bá ṣe, a óò jọ jẹ ẹ́.”

Gàrí wọn kan, ó kúná, ó sì gbẹ dáadáa. Mo ń dì í sínú ọ̀rá, mo ń tà á lórí wọ́sáàpù. Nígbà tí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, mo ní ó yẹ kí n ní wẹ́búsáìtì. Mo mú ìwé kan, mo fi pẹ́ńsù ya gbogbo ojú ìwé tí mo fẹ́ sínú rẹ̀: èyí tí àlejò yóò kọ́kọ́ rí, èyí tí mo máa to ọjà sí, èyí tí wọ́n á ti máa ra ọjà, àti èyí tí yóò sọ ẹni tí a jẹ́. Mo ń wo fídíò lórí fóònù, mo ń ṣe é, mo ń bà á jẹ́, mo ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí orúkọ òwò mi kọ́kọ́ jáde, mo sunkún ayọ̀.

Ojú ìwé tí yóò sọ ẹni tí a jẹ́ ni mo ti ṣubú.

Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ ya Ìyá Ráfíù ní fọ́tò. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé mò ń bọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ tí wọ́n fi ń kírun Jímọ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n jókòó ti agbada tí wọn kò dáná sí, kí èéfín má baà ba aṣọ náà jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ya fọ́tò mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo délé tí mo wo àwọn fọ́tò náà, ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú ni mo rí, àti àlàfo eyín iwájú wọn tí ó ti yọ. Mo ní àwọn ará Èkó kò ní ra ọjà níbi báyìí. Mo mú fọ́tò obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí eyín rẹ̀ funfun, mo gbé e síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ èmi Fólúkẹ́ ni mo fi ń yan gàrí yìí, bí màmá mi ṣe kọ́ mi. Kò sí ẹni tí ó fipá mú mi.

Ọjà ń tà. Ìgbà náà ni mo wá jẹ́rìí fún yín. Nígbà tí ó di ọdún Iléyá, Ráfíù, ọmọ wọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wá sílé, ó ṣí wẹ́búsáìtì náà fún ìyá rẹ̀, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá. Ìyá Ráfíù kò bá mi jà. Wọ́n pè mí, wọ́n ní àwọn ti rí i, ó dára. Wọ́n wá béèrè pé, “Ìyàwó, èmi dà níbẹ̀?”

Mo ní n kò tíì ṣe é tán ni. Irọ́ kejì nìyẹn. Wọ́n ní kò burú, wọ́n ní kí n kí àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò rí gàrí gbà mọ́. Bí mo bá pè, ẹni tí ó bá gbé fóònù á ní ara wọn kò yá. Mo gbà pé inú ló ń bí wọn. Dípò kí n lọ bẹ̀ wọ́n, mo ń ra gàrí lọ́jà, mo ń dì í sínú ọ̀rá kan náà, fún odindi oṣù mẹ́ta. Àwọn kọ́sítọ́mà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sórí wẹ́búsáìtì pé gàrí ti yí padà, pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan ní Ìbàdàn kọ ọ́ pé òun ti rò pé òun mọ̀ mí.

Ẹ̀yin náà ni mo gbé ẹjọ́ yìí wá bá. Ẹ rántí pé a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọ̀tá tí ó wọ inú òwò mi. Ẹ gbàdúrà títí ohùn yín fi há. Ọ̀tá náà wà láàárín yín, ó ń ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọlọ́run dá wa lóhùn. Ìyá Ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì bi mí ní ohun kan ṣoṣo: “Fólúkẹ́, ta ni o ṣẹ̀?” Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n má dé ilé kí n tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo tò jọ nínú mọ́tò ni mo gbàgbé lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ráfíù wà lórí àga, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí itan, kò mira. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n pè mí nípa wẹ́búsáìtì ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n. Wọ́n ní kí Ráfíù má sọ fún wa, nítorí ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Àbújá, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi lórí fóònù pé ara wọn kò yá. Èmi tí mo jẹ́ òpùrọ́ ni mo rò pé gbogbo ayé ń purọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe àti ìdí tí mo fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, “Mo wẹ̀ fún fọ́tò yẹn.”

Ẹ̀yin ará, ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ òsì kàn mí lórí, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Wọ́n ní kí n lọ bu omi mu, ètè mi ti gbẹ.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè gbàgbé ohun tí mo fi kún ẹrù ọkàn wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Mo ti pa irọ́ náà rẹ́. Fọ́tò Ìyá Ráfíù ni ó wà níbẹ̀ báyìí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí mo ta gàrí ọjà fún. Àwọn kan padà wá, àwọn kan kò padà. Mo ka ohun tí mo kọ nípa Ìyá Ráfíù sí wọn létí kí n tó gbé e jáde. Wọ́n ní kí n yọ ibi tí mo ti pè wọ́n ní àgbàlagbà. Wọ́n ń kọ́ mi ní iṣẹ́ náà báyìí. Wọ́n á jókòó sórí àga, èmi á máa yan án, wọ́n á sì fi etí gbọ́ dídún rẹ̀ nínú agbada pé kò tíì gbẹ. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ọlọ́run tú mi sílẹ̀ lọ́wọ́ irọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ó sì jẹ́ kí n bá ẹni tí mo ṣẹ̀ láàyè. Ẹ bá mi fi ògo fún Un. Bí ẹnì kan bá wà tí ẹ ń sá fún, ẹ tètè lọ. Oṣù mẹ́ta tí mo fi ń bínú sí aláìsàn, n kò lè rí i gbà padà. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò sì tíì gbé nǹkan kan. Ẹ bá mi yọ̀ fún èyí tí Olúwa ti ṣe. Ní ti ọwọ́ náà, ẹ bá mi bẹ̀ Ẹ́.